Iná Abẹ́ Òkìtì Ìyẹ̀fun Pákó

Nígbà tí a kọ́ ilé wa sí ọ̀nà Isuada, oko kòkó ló yí wa ká, àwọn ilé ìlagi sì jìnnà sí wa. Lónìí, bí mo bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, òkìtì ìyẹ̀fun pákó ti ilé ìlagi tó ti dé ẹ̀yìn ilé wa ni mo ń rí. Ó ti ga ju òrùlé wa lọ. Ìrókò ńláńlá láti igbó Ose ni wọ́n ń là níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, igi tí mo lè fi apá kan gbá mọ́ra ni wọ́n ń kó wá. Igi ń tín-ín-rín, òkìtì ń sanra.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa dáná sun ìyẹ̀fun náà kí àyè lè gbà wọ́n. Bí òjò bá rọ̀, tí èéfín ò rú mọ́, wọ́n á ní iná ti kú, wọ́n á sì da tuntun lé e. Gbogbo àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé sọ orí òkìtì di ọ̀nà àbùjá. Ọmọbìnrin mi wà lára wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo rí i pé ojú kan ti gbẹ lára òkìtì, nígbà tí gbogbo ìyókù ṣì tutù. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ń gbà gùn ún. Mo pe ọmọ mi padà.

“Màámi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Ejò ni àbí gbọ́mọgbọ́mọ lónìí?”

“Dúró síbẹ̀.”

Mo dúró nísàlẹ̀, mo fi ọ̀pá tí mo fi ń gbé okùn aṣọ sókè gún ojú gbígbẹ náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tí mo fà á yọ, orí rẹ̀ ti dúdú, ó ń rú èéfín. Ọmọ mi wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo gbé ọ̀pá náà lọ bá ọ̀gá ilé ìlagi.

“Màmá, òjò àná ò kéré o,” ló wí. “Bí iná bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá. Ọ̀fẹ́ ni.”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lójú mi níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ṣọ́bìrì da ìyẹ̀fun tútù bo ojú gbígbẹ náà. Èmi gan-an ò mọ ibi tí iná wà mọ́.

Ojú títì ni ọmọ mi ń gbà báyìí. Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń fò sókè sódò lórí òkìtì láti fi hàn án pé ó le, kò lè jìn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.