Ihò Tí Abẹ Fi Sílẹ̀

Káfíńtà òrùlé ni Mùnírù Àlàó, ọmọ Ìwó. Ó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí olóólà àdúgbò wọn kọ ọ́ nílà. Abẹ wọlé jù. Wọ́n kán omi ìgbín sí i, ẹ̀jẹ̀ dá, egbò san, ṣùgbọ́n ihò kékeré kan kù sábẹ́ okó rẹ̀. Bó bá ń tọ̀, ibi méjì ni ìtọ̀ ń gbà jáde, ìyẹn ló fi máa ń lóṣòó tọ̀.

Ní Ìwó, kò sẹ́ni tó fura. Mùsùlùmí ló pọ̀ níbẹ̀, ọkùnrin tó lóṣòó tọ̀ kì í ṣe nǹkan ìyanu. Ìgbà tó báṣẹ́ lọ sí Oǹdó ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Lemọ́mù, ṣé ẹyin lo fẹ́ yé síbẹ̀ ni?"

Mùnírù á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò dúdú nìkan ló ń wọ̀, kí ọ̀rinrin má baà hàn.

Kí wọ́n tó so yìgì, ó sọ fún Sìdíkátù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

"Kò dùn mí. Ó ń tì mí lójú ni."

"Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún?"

Wọ́n bí ọkùnrin. Àlímọ̀tù, ìyá Mùnírù, ti ránṣẹ́ sí ọmọ olóólà tó kọ Mùnírù nílà, ẹni tó jogún abẹ bàbá rẹ̀. Mùnírù ní ọsibítù lòun ń gbọ́mọ òun lọ.

"Ọsibítù kẹ̀? Ṣé abẹ tó kọ ìwọ nílà pa ọ́ ni?"

Ó pè é wọ yàrá. "Ìyá mi, ihò yẹn ò dí o."

Àlímọ̀tù jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí Mùnírù ti ń dá wẹ̀ ló ti rò pé ó ti dí.

Òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọmọ dé ọsibítù. Bí Dókítà Adéoṣùn ṣe kọ ọmọ náà nílà tán, Àlímọ̀tù ní: "Dókítà, ó ku bàbá ẹ̀."

"Àbí wọn ò tíì kọ bàbá nílà ni, Màmá?" Dókítà ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ kọjá ààlà."

Ìtìjú bo Mùnírù. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí dókítà wo òun.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ki rọ́bà sí i kí ìtọ̀ máa gbabẹ̀ títí egbò yóò fi jiná. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà, ó tún ń jò. Mùnírù lóun ò ṣe mọ́.

Sìdíkátù ní, "Wọ́n ti fún ẹ lábẹ́rẹ́ oorun, o ti jí. Kí ló tún kù tó ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Wọ́n jẹ́ kí ara rẹ̀ sinmi fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dí. Mùnírù tọ̀ sínú abọ́ níwájú dókítà, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bi dókítà léèrè ìgbà tóun lè tún gun òrùlé.

Àlímọ̀tù lọ bá ọmọ olóólà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi abẹ bàbá rẹ̀ yẹn kan náà kọ ọmọ méjì nílà.