Ilẹ̀ Tí Ọkọ́ Kò Kàn

Iṣẹ́ ilẹ̀ ni mò ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ oko. Gbogbo ẹni tó bá rí mi lórí ọ̀kadà ní Ìwéré-Ilé pẹ̀lú àpò ike àti irin gígùn ni mo máa ń ṣàlàyé èyí fún. Wọ́n á mirí bí ẹni tó gbọ́, wọ́n á wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbìn. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà, tó ń bu erùpẹ̀ kiri: n kò lè bá wọn wí. Àwọn kan gbà pé òkúta iyebíye ni mò ń wá. Àwọn yòókù ń rò ó pé oògùn ni, wọn kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Àwọn èròjà kan ni mò ń wá nínú ilẹ̀, sẹ́ríọ̀mù, láńtánọ́mù àti àwọn ẹbí wọn, tí wọ́n fi ń ṣe fóònù àti mọ́tò oníná. Èròjà tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ń pè wọ́n, àmọ́ orúkọ lásán ni, torí kò sí ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ tí díẹ̀ wọn kò sí. Iṣẹ́ wa ni láti mọ iye tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ kí ọmọ aráyé tó fọwọ́ kàn án. Fatiláísà ló ń ba ìṣirò yẹn jẹ́, nítorí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é ní àwọn èròjà yìí nínú tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba igbó kìjikìji ìsàlẹ̀, èmi gba Òkè-Ògùn, mo sì rò pé mo ti gba èyí tó rọrùn. Láti Ìgbòho dé Ṣakí, n kò rí oko tí kò tíì jẹ fatiláísà. Ibi tí wọn kò bá gbìn, eléèédú ti gé igi ibẹ̀, ó ti sun ún. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn gan-an ló ṣọ̀wọ́n.

Mo gba yàrá kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tí mò ń pè ní Ìyá Àgbà. Ilé náà tóbi, ọ̀pọ̀ yàrá ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti òun nìkan ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹbí wọn kì í yà. Ní ọjọ́ kan tí mò ń ráhùn nídìí ẹ̀kọ, ó ní òun mọ ilẹ̀ kan. Ó mú mi gba ẹ̀yìn oko kajú lọ, a sì já sí igbó kan tó ṣókùnkùn, tó tutù, tí ewé jíjẹrà nípọn lábẹ́ igi. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo kúnlẹ̀, mo yọ irin mi, àfi bí ìyá ṣe di ọwọ́ mi mú.

Ìyá ní kí n má tíì lù ú. Bàbá wọn ló pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ìpín ẹ̀gbọ́n òun nìyí, ọmọ ìyá òun kan ṣoṣo, tó lọ sí Abijan nígbà tí òun kò tíì lọ́kọ, tí kò bọ̀. Nínú ẹbí wọn, wọn kì í fi ọkọ́ kan ìpín ẹni tó wà lájò. Ẹni tó bá fi ọkọ́ kàn án ti sọ pé onílẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ orogún ìyá wọn fẹ́ gbin kajú síbẹ̀, ó kọ̀, ó sì ń kọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi dá nílé rẹ̀. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ohun tó di mú nìyẹn.

Mo kó irin mi. Mo ní kò burú, n óò wá ibòmíràn. Irọ́ ni, kò sí ibòmíràn, iṣẹ́ mi sì fẹ́ wọmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ọmọ mi, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun yóò pè mí padà. Mo gbé fóònù sórí itan, mo ń wò ó. Àárò ń sọ mí débi pé inú bí mi.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe kírun tán, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

"Àwọn tó bá a lọ ti kú tán," ó ní. "Ta ni mo wá ń dúró dè?"

Nígbà tí a dé ibẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ó ní "Ìnnà lìlláhì," ó jókòó sórí ewé, ó sunkún. Ó yẹ kí èrò kún ibẹ̀, kí wọ́n wá kí i, àmọ́ èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ike. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú àráfẹ́rakù. Lẹ́yìn náà ni mo fi irin mi bu erùpẹ̀ sínú àpò.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ náà máa fi dé, àwọn ẹbí ti ń gé igi ibẹ̀, ìyá kò sì bá wọn jà mọ́. Èsì náà dára, irú èyí tí à ń gbàdúrà fún. Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun wí. Pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tí kò lọ́gbọ́n, mo sọ fún un pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ló wà, ọwọ́ ènìyàn kankan kò kàn án rí.

Ìyá kọjú sí ọ̀nà oko kajú.

"A jẹ́ pé kò wá rí nìyẹn. Mo máa ń rò pé bóyá ó ń yọ́ wá síbẹ̀, tí ojú ń tì í láti wọlé."