Aṣọ Pupa Wòlíì Gbádégẹṣin

Nígbà tí Ìyá Ìjọ Adébísọ́lá lọ gbé ike omi àdúrà nínú búùtù mọ́tò Wòlíì Gbádégẹṣin ló rí aṣọ náà. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú, ó gùn gbọọrọ, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi irun ẹran yí etí rẹ̀ ká. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wọn. Ẹnikẹ́ni kì í wọ pupa níbẹ̀. Ó pa búùtù dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni Gbádégẹṣin bá wọ Woolwich ní London láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Tó bá di Sunday, á to àga sí gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà nítòsí Birchmere Park, á bọ́ bàtà, á wàásù. Adébísọ́lá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Gbádégẹṣin kó lọ sí ìlú kékeré kan ní Kent, àmọ́ ó ṣì ń wá wàásù fún wọn ní Sunday. Àwọn ará ibẹ̀ dìbò fún un, ó di káńsẹ́lọ̀. Lọ́dún yìí, wọ́n fi í ṣe méyọ̀, olórí ìgbìmọ̀ ìlú náà. Gbogbo ìjọ jó. Adébísọ́lá náà jó, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀wọ̀n wúrà tó wà lọ́rùn Wòlíì nínú fọ́tò.

Ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, aṣọ pupa nínú ọ̀rá. Irú ẹgbẹ́ awo wo nìyẹn?

Ì bá gbé e mì, ṣùgbọ́n Tèmi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, Wòlíì ló sì máa gbọ́wọ́ lé ọmọ náà lórí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

"Mummy, robe lásán mà ni," Tèmi wí. "Gbogbo mayor ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ Google ẹ̀."

"Ṣé Google ló máa gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí?"

Adébísọ́lá lọ ká Wòlíì mọ́ yàrá tó ti ń múra ìsìn. "Bàbá, kí ni mo rí nínú búùtù yín?"

Wòlíì rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Aṣọ ìlú ni. Bí ọdún mi bá pé, wọ́n á gbà á. Tí mo bá sì wọ̀ ọ́, mo máa ń bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì."

"Bàtà tẹ́ ẹ bọ́ lábẹ́ tábìlì, ta ló rí i?"

Wòlíì fa àmùrè rẹ̀ le.

"Ká ní ẹ fi hàn wá ni, mi ò bá tí bi yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dì í sínú ọ̀rá?"

"Ẹ̀rù ojú yín ló bà mí," ó wí.

Adébísọ́lá ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọmọ wà láyà rẹ̀, ó ti gbé abọ́ omi àti ọṣẹ tuntun sórí àga. Wòlíì dé nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà.

"Ẹ fọwọ́," Adébísọ́lá wí.

Tèmi bojú. Gbogbo ìjọ ń wò. Méyọ̀ ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Adébísọ́lá gbóòórùn ọwọ́ náà kó tó gbé ọmọ lé e.

"Olúwaṣògo," Wòlíì pè é, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọmọ.

"Àmín," ni Adébísọ́lá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ náà.