Píkọ́ọ̀pù Tó Kú Lẹ́nu Géètì Mọ́sáláṣí

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ wáyà ọkọ̀, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sétí títì n'Íkirè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Àpòmù, tí mo ń pè ní Bàbá, ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá fún mi. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ s'Íbàdàn ni. Iná pupa kan máa ń tàn níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójijì.

Mo ti kọ́ bí a ṣe ń bi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Mo fi wáyà kékeré so ihò méjì tí wọ́n ṣe fún àyẹ̀wò pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú, torí iye yẹn ló ń sọ ibi tí àìsàn wà: ọ̀nà tí iná ń gbà dé pílọ́ọ̀gì ni àìsàn wà. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná, iná pupa kú. Inú Bàbá dùn, wọ́n ń sọ fún tẹrú-tọmọ pé ọmọ àwọn mọṣẹ́.

Kò pẹ́, ó tún tàn. Mo pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ó tún tàn. Ohun kan náà ló ń sọ, èmi ni kò yé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo bá Bàbá kírun l'Ápòmù. Bí a ṣe ń lọ sílé, èmi ni mo wakọ̀. Ó kú sẹ́nu géètì mọ́sáláṣí gan-an, kò sí mọ́tò tó lè jáde. Làwọn àgbààgbà bá ká agbádá funfun sí èjìká, wọ́n ń tì í. Mo di sítíárìn mú, n ò lè gbójú sókè.

Ọ̀kan nínú wọn bi Bàbá pé, "Àlàájì, ta ní ń bá yín tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Ọmọ mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni. Ó máa rí i ṣe."

Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, n ò pààrọ̀ nǹkan kan. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, mo wá ń mi àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe kan èyí tó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kọjá sí kọ́ìlì, ọkọ̀ kú. Ara wáyà náà ti bó níbi tó ti ń ha irin. Tí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n, á kan irin, iná ò sì ní í dé kọ́ìlì mọ́. Mo fi wáyà tuntun rọ́pò rẹ̀, mo so ó jìnnà sí irin. Iná pupa ò tàn mọ́.

Bàbá ní, "Wáyà lásán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń ṣàdúà fún mi. Mo ń ṣe àmín, ojú ń tì mí, torí ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni mo ṣe kẹ́yìn.