Àǹtí Ẹfúnkẹ́ Lábẹ́ Igi Furúùtù

Mo jowú Àǹtí Ẹfúnkẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oore rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ ròyìn. Obìnrin náà kò gba ọkọ mi, kò gba iṣẹ́ mi, kò sì jí ọbẹ̀ mi jẹ. Ọmọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ara mi ṣe lè gbà á lọ.

Inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé lẹ́yìn Tóògéètì ní Ṣàngó, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi. Ará Ìkirè ni. Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ irin ń gba òṣìṣẹ́ ló tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sí Ọ̀tà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wá ọmọ tí wọn ò rí, ni ọkọ bá kó ẹrù rẹ̀, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Ìfọ̀. Àǹtí ò sunkún kiri àdúgbò. Ó wáṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì fún un. Á di bisikíìtì sínú páálí títí ilẹ̀ á fi mọ́, á wálé wá sùn, tó bá sì di ọ̀sán, á jí, á di ìyá gbogbo ọmọ ọgbà. Obìnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi bíi ti ọkùnrin, sílípáàsì rọ́bà pẹlẹbẹ ló sì ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ yẹn tìkà-tẹ̀gbin, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ara mi.

Èmi ní tèmi, ọ́fíìsì ni mò ń lọ. Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ yunifásítì, yunifásítì ń kó ayálégbé wá, owó ilé ń gòkè, kálukú sì ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ kó lè ríṣẹ́ níbẹ̀. Mo rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ̀kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Mo máa ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo máa ń wọlé ní aago méje alẹ́. Ọkọ mi ń wa tírélà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń rí i. Tí mo bá wọlé báyìí, Láyọ̀, ọmọ ọdún méje, ti jẹun, ó ti wẹ̀, irun rẹ̀ ti di dídì.

"Láyọ̀, wá jẹ́ kí n bá ẹ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá."

"Àǹtí ti bá mi ṣe é, mọ́mì."

Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ gbólóhùn yẹn. Mo ń dúpẹ́ lẹ́nu lásán. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin ò dénú. Orogún ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó pa òwe yẹn ò mọ̀ pé èèyàn lè jowú lórí ọmọ ju bó ṣe ń jowú lórí ọkọ lọ. Ní Sátidé kan, Láyọ̀ ṣubú nínú ọgbà, orúnkún rẹ̀ bó. Èmi àti Àǹtí la jọ dúró síbẹ̀, èmi ni mo tiẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Ọmọ náà dìde, ó sáré kọjá lára mi, ó lọ sunkún sí ìdí Àǹtí.

Nítorí náà, nígbà tí Bùràdá Ọláoyè, olórí àwọn olùkọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kéde pé a máa kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré tuntun kan l'Ọ́tà ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, mo ní ọwọ́ mi bà á. Ọjọ́ yẹn ni mo máa gba ọmọ mi padà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni yóò máa pè.

Mo ní kí n ra bàtà tuntun fún un. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ra bàtà ọmọ: a ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó ṣẹ́ ẹ síbi tí àtàǹpàkò parí sí, a ó sì mú un lọ sọ́jà. Inú báàgì mi ni tèmi wà. Oṣù Kejìlá ni mo ti wọn ẹsẹ̀ Láyọ̀ fún bàtà Kérésìmesì, owó ò sì dé lásìkò, n ò rí i rà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo yà sí ọjà Ṣàngó, mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ. Bàtà funfun kan wà níbẹ̀ tó ń dán, tó ní gìgísẹ̀ kékeré àti òdòdó lórí. Olùtajà ti ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó ṣe gẹ́lẹ́. Mo sanwó, mo tún ra onígìgísẹ̀ gogoro fún ara mi, kí ìyá àti ọmọ lè bára mu. Ìgbálẹ̀ ò yí padà nínú báàgì láti oṣù mẹ́rin. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹsẹ̀ ọmọ ń dàgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni mo gbé e fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn díẹ̀, ó dúró.

"Ṣé ó dáa?" Ẹ̀rín ti gba gbogbo ẹnu mi.

"Ó dáa, mọ́mì. Ẹ ṣé." Ló bá gbé bàtà náà, ó di yàrá Àǹtí, ó lọ fi hàn án. Mo tún jowú ìyẹn náà.

Ọgbà ìṣeré yẹn rẹwà lójú. Àwọn tó kọ́ ọ gbin igi másíkíréèdì yí i ká, èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo ọlọ́lá ń gbìn síwájú ilé, tó dúró ṣánṣán bí agboòrùn tí wọ́n pa dé. Ìbòòji rẹ̀ ò tó ewúrẹ́ kan sùn sí. Igi gidi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, igi furúùtù àtijọ́ kan lẹ́bàá ọgbà, tí katakátá tó palẹ̀ ibẹ̀ ò rí wó. Àǹtí Ẹfúnkẹ́, tí mo rò pé oorun ò ní jẹ́ kó wá, tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà láìsùn, ò wo ọ̀tún wo òsì. Ìdí igi yẹn ló gbà lọ, ó tẹ́ ẹní, ó gbé kúlà omi sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìdajì àwọn ọmọ fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì Láyọ̀, ẹ máa bọ̀ níbí o," ó pè. "Oòrùn yìí ò dáa fún ọmọ."

"Ẹ ṣé, mà. Ibí yìí tẹ́ wa lọ́rùn."

Irọ́ ni. Intálọ́ọ̀kì ilẹ̀ náà gbóná débi pé mo ń mọ̀ ọ́n láti inú bàtà. Ṣùgbọ́n kàkà kí n lọ jókòó lábẹ́ ìbòòji Àǹtí, oòrùn yóò kúkú pa mí. Mo di ọwọ́ Láyọ̀ mú. A gun rélùwéè kékeré, a gun ẹṣin onírin tó ń yí po, a tún tò láti gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá, mọ́mì."

Mo ra áísìkirímù fún un, ó yọ́ sí i lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ bá rẹ́rìn-ín nídìí igi, á wo ọ̀hún, èmi á sì yí ojú rẹ̀ padà. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, mo yíjú láti sanwó kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè, kí n tó yíjú padà, ọmọ ti lọ. Mo wò yí ká. Àfi bí mo ṣe rí i lórí itan Àǹtí lábẹ́ igi furúùtù, bàtà funfun mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

N ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Bàtà gogoro ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, ojú ń tì mí, inú ń bí mi, gbogbo rẹ̀ sì pọ̀ mọ́ra wọn.

"Àǹtí, ẹ gbé ọmọ mi sílẹ̀! Tó bá jẹ́ ọmọ ló wù yín, ẹ lọ bí tiyín!"

Bùràdá Ọláoyè tó fẹ́ mu omi gbé ife sílẹ̀. Ẹyin lohùn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu, mo sì là á. Àǹtí ń fi áńkáṣíìfù tútù pa gìgísẹ̀ Láyọ̀, ìgbà yẹn ni mo tó rí i: awọ ibẹ̀ ti bó méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ti wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ sílípáàsì ọmọdé kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá, ó fi bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ... ẹ mọ̀ pé bàtà yẹn kéré?" Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Àná ló fi hàn mí. Mo ní kí n wá sọ fún yín, ó bẹ̀ mí kí n má sọ. Ó ní mọ́mì òun ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń gbé e fún òun, pé òun ò fẹ́ kí ẹ̀rín yẹn lọ. Mo ra èyí bí mo ṣe ń bọ̀ láàárọ̀, kó lè pààrọ̀ rẹ̀."

Ó gbé ọmọ kúrò lórí itan, ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi. Ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ra, ó fi ẹní àti omi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó kù, ó gba ẹnu géètì jáde lọ wọkọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Mọ́mì Láyọ̀, ẹ dìde," ó ní. "Ìyá ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí. Ọkọ mi náà ti sọ ọ́. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àárọ̀ ni mo máa máa ṣe báyìí."

Kò fi ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́fà àárọ̀ ni òun náà ń jáde. N ò rí ẹni tí Láyọ̀ máa bá nílé. Nígbà tó pé oṣù méjì, mo fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀, mo ra ẹ̀rọ fọ́tòkópì kan, mo gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Tóògéètì. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ń bọ̀ tààrà láti ilé-ìwé báyìí. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń dirun rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

"Láyọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé?"

"Kò sí nǹkan, mọ́mì."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ó ń ṣọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń gba àlejò, tí kò fẹ́ kí inú àlejò bàjẹ́.

Àǹtí kì í lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Tí Láyọ̀ bá ti gbálẹ̀ tán, á wo ojú mi, èmi á mi orí pé kó lọ bá Àǹtí, á sì lọ. Màá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Láti òdì kejì ògiri ni mo ti ń gbọ́ tó ń sọ fún Àǹtí pé olùkọ́ òun nà òun, pé eyín òun kan ti ń mì, pé àwọn ọmọ kan ò bá òun ṣeré mọ́. Owú yẹn ò tíì kúrò lára mi, n ò sì ní purọ́ pé ó kúrò. Ṣùgbọ́n n kì í pè é wálé. Tí mo bá pè é, ta ló tún máa sọ fún mi bí ọmọ mi ṣe wà?