Gìtá Oníná Tó Mú Mi Bẹ̀rù Etí Ara Mi

Ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun náà mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ gìtá yìí, ẹ bi í pé níbo ló wà. Ọwọ́ mi ni gìtá náà wà, èmi ni mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo fi òwú wọ̀n ọ́n lórí ẹní ìyá mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, Sítáńdáàdì Túù ni mo ti já, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ti fi ojú rí kì í kúrò lọ́kàn mi.

Kí òmìnira tó dé ni. Agboolé wa wà ní Ẹnu Ọwá, mo sì ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣeré ní ilé ọtí kan ní Olówógbowó. Gìtá oníná ni, irú èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá. Nígbà yẹn, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn èèyàn a máa dúró lójú fèrèsé láti wò ó. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ránṣọ lọ́sàn-án tó ń kọrin nírọ̀lẹ́, ló rà á lọ́wọ́ atukọ̀ òyìnbó kan ní Àpápá. Òun ló ni ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè ta á bó ṣe yẹ, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn.

N kò fi yangàn, òótọ́ ni mò ń sọ: kò sí etí tó dà bíi tèmi ní Erékùṣù Èkó nígbà náà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fọn fèrè ní Márínà, màá fi ẹnu súfèé ohùn kan náà láìṣìnà. Bí okùn kan bá yẹ̀ díẹ̀ lórí gìtá, bí ìlù ń dún, bí àwọn ọ̀mùtí ń pariwo, mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má wo ojú ẹ̀ o, etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò."

Etí yìí náà ni mo wá ń bẹ̀rù lé lórí, ìdí rẹ̀ sì ni bàbá mi.

Adití ni bàbá mi, ṣùgbọ́n wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ni, etí rẹ̀ sì dá ṣáṣá títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, ó ní ládàánì ti yí ohùn padà, pé kí ló dé tó ń pe ìrun sókè bẹ́ẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ládàánì kan náà ni, ohùn kan náà ni. Nígbà tó yá, ó ní ohùn ìyá mi náà ti ga. Kí ọdún yẹn tó parí, bí èèyàn bá yin ìbọn lẹ́yìn rẹ̀, kò ní yíjú. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo ẹnu wa bí a bá ń sọ̀rọ̀, tó ń fi ohùn ńlá kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Nítorí náà mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ilé wa, bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, orin parí nìyẹn. Kì í ṣe pé a kàn máa gbé gìtá tì sí kọ̀rọ̀. Màá tú gbogbo okùn rẹ̀, kí ọwọ́ má bàa yún mi, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á dún nígbà tí àwọn àgbà bá ń ka Kùránì. Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá náà sì máa ń fi oṣù yẹn rán aṣọ ọdún fún àwọn èèyàn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo tú okùn, mo ká wọn sínú ìwé ìròyìn, mo sì gbé gìtá fún ìyá mi pé kó bá mi tọ́jú ẹ̀ sí yàrá rẹ̀, nítorí òrùlé yàrá tèmi ń jò.

Lọ́jọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀ mo gbà á padà. Ó ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde láti inú páálí. Mo fi okùn sí i, mo tò ó, ohùn okùn kọ̀ọ̀kan gún. Mo gbé e lọ sí Olówógbowó fún ìdánrawò.

Lápá orí gìtá, níbi tí ohùn ti wà nísàlẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo gun òkè, níbi tí mo ti máa ń dárà tí àwọn èèyàn fi ń dìde lórí ìjókòó, ohùn ń fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Mo dáwọ́ dúró, mo tún un tò. Mo dẹ okùn díẹ̀ kí ti òkè lè dáa. Òkè dáa, ìsàlẹ̀ bàjẹ́. Mo tún ìsàlẹ̀ ṣe, òkè tún fò. Òógùn bò mí.

Ọ̀gá fi orin sílẹ̀. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀gá, mò ń tò ó ni."

"Látìgbà tá a ti dé lo ti ń tò ó. Ṣé gìtá ni àbí ẹrù ìyàwó?"

Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa, ọmọ Èkó tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dá sí i. "Ààwẹ̀ ló mú un, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀bà, etí ẹ̀ á là."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi tí mi ò ní irú etí ẹ, mo gbọ́ pé kò dáa. Ìwọ lo tò ó, o ní ó ti pé, kò sì pé. Kí ló ṣe etí ẹ? Ṣé kì í ṣe ti bàbá ẹ ló ti dé yẹn?"

Mo rọra gbé gìtá kúrò léjìká.

"Sátidé la máa ṣeré," ó ní. "Tí kò bá dáa, màá mú ẹlòmíì. Ará Gánà kan wà ní Làfíàjì tó ti ń bẹ̀ mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó ti bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Mo tẹ́tí, mo ń bi ara mi bóyá ó ga ju ti àná lọ. Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etí ara rẹ̀ báyìí, kò sí ohun tí kò ní gbọ́. Lójú mi, ó ga.

Mo pe ìyá mi. "Ìyá, ṣé ládàánì àná náà ló ń pè yìí?"

Ó wò mí. Ó wo bàbá mi. Ó kàn rọra gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó. Bó ṣe jókòó yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀gá lọ.

Bàbá mi fi ohùn ńlá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí lò ń bẹ̀rù? Ojú ẹ ti funfun."

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Mi ò gbọ́."

"Kò sí nǹkan kan."

"Mi ò gbọ́ ohun tó o wí."

Mo dìde, mo kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ ra okùn tuntun, mo já àwọn ti àtijọ́ dànù. Bákan náà ló rí. Mo gbé gìtá sókè sí ojú kan bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, ọrùn rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Mo fi èékánná kan àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mì. Mo yí ọwọ́ mi padà lọ́nà gbogbo, bóyá mò ń tẹ okùn le jù. Ọwọ́ mi kò ṣẹ̀. Bí ohun gbogbo bá wá dáa, kí ló kù? Etí ló kù. Oúnjẹ ọdún wà nílẹ̀ káàkiri ilé, n kò lè jẹ ẹ́.

Mo wá rò ó pé ohun tí mo nílò ni ohun tí kò ní etí, tí ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ Ẹnu Ọwá, nínú ọ̀sẹ̀ ọdún, tó gbé gìtá wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Olówógbowó lọ́sàn-án gangan. Mo ká fìlà mi sápò, ṣùgbọ́n jàlàbíà ọdún ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀rù pé kí ará ilé wa kan má rí mi bá ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ń bá mi rìn lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wà nídìí dùùrù, ó ń dán orin ọjọ́ Ìsinmi wò. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ ilé kéú, ṣé o ṣìnà ni?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ohùn kan."

"Sún mọ́ bí. A kì í jẹ èèyàn níbí."

Inú gìtá náà ṣófo, nítorí náà ó ń dún díẹ̀ láìsí iná. Bàbá náà tẹ dùùrù, mo ta okùn láìtẹ̀ ẹ́. Ohùn méjèèjì di ọ̀kan. Mo wá tẹ okùn náà ní ìdajì rẹ̀, níbi tó yẹ kó ti dún bí ohùn kan náà tó gòkè lọ. Bàbá tẹ ti òkè lórí dùùrù. Etí mi sọ fún mi pé gìtá ló ga. N kò wí i jáde. Bí bàbá yìí bá ní wọ́n dọ́gba, mo ti parí nìyẹn.

"Sà, èwo ló ga?"

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Tún un ta," ó ní. Mo tún un ta.

"Gìtá ẹ ló ga," ó ní. "Kò ga púpọ̀, àmọ́ ó ga. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé eruku ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Bí mo ṣe ń rìn padà lọ sílé ni mo ro ìyókù fúnra mi, kò sí tísà tó kọ́ mi. Okùn tó bá kúrú ló máa ń ga; bí ìdajì okùn bá wá ga jù, a jẹ́ pé ìdajì yẹn ni kò pé. Mo tẹ́ gìtá sórí ẹní ìyá mi, mo gba òwú ìránṣọ rẹ̀, mo nà án láti orí ọrùn gìtá dé irin àárín, níbi tí mo ti tẹ ìdajì okùn, mo gé e. Mo wá nà án láti irin àárín dé orí igi kékeré tí okùn gùn lé ní ìsàlẹ̀ ikùn gìtá. Òwú gùn ju ibẹ̀ lọ, ìbú ìka ọmọńdinrín kan. Igi náà kò sí ní àyè rẹ̀. Wọn kì í fi àtè lẹ irú igi yẹn, okùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo tú okùn fún ààwẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú mọ́.

"Ìyá, ta ló fọwọ́ kan igi yìí?"

"Ó já bọ́ nígbà tí mò ń pa á lára. Mo ti dá a padà."

"Kí lẹ fi pa á lára?"

"Àdín ni." Ọjà Sáńgíráàsì ló ti ń tà á. "Ṣé kó wá ṣọdún ní gbígbẹ ni? Gbogbo wa la para, tiẹ̀ ló máa wá yàtọ̀?"

Àdín náà ti pa àmì ẹsẹ̀ igi náà rẹ́ pátápátá. N kò lè bínú sí i. Mo nu ọ̀rá kúrò, mo dẹ okùn, mo fa igi náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí i lápá ibi tí okùn ti nípọn, títí okùn kọ̀ọ̀kan fi bá ìdajì ara rẹ̀ mu. Ìyá mi dúró tì mí. "Etí ẹ ńkọ́?" ó ní. Mo ní ó wà. Ó mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Mo ta á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀gá fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Etí ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé kí n wá lọ́la, ọ̀gá?"

Ó wo tábìlì. Aṣọ ẹgbẹ́ wa tuntun ló wà níbẹ̀, ó ti gé e. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ. "Mo ti wọn ará Gánà yẹn lánàá," ó ní. "Mo ti ṣèlérí fún un." Mo fi gìtá sílẹ̀ fún ọ̀gá, mo jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé mo dúró lóde ilé ọtí náà. Ará Gánà náà gun òkè ọrùn gìtá, gbogbo ohùn dúró síbi tó yẹ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Kò mọ ẹni tó bá a tún un ṣe.

Ohun tó sọnù nìyí: okùn mẹ́fà tí kò ní àbùkù, ìgò àdín kan, àyè mi nínú ẹgbẹ́, àti gìtá oníná kan tí n kò fọwọ́ kàn mọ́. Etí mi méjèèjì kò sí nínú ohun tó sọnù.