Wẹ́dà Fẹ́ Wọ Omi

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé áńgẹ́lì kan yọ sí Wẹ́dà nínú iná tó fi ń jó géètì, ó pè é lórúkọ, ó sì fọ́ ọ létí. Àwọn kan tiẹ̀ ní àpá ìka áńgẹ́lì náà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. A ò gbà á tán, a ò sì kọ̀ ọ́ tán, nítorí a mọ Wẹ́dà. Ọkùnrin tó fi ọdún méjìdínlógójì sọ fún ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀ Sọ́ńdè pé "Bá mi kí Ọlọ́run o," tí òun fúnra rẹ̀ á wá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dédé sọ pé òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Bí wọn ò bá fọ́ ọ létí, kí ló tún lè fà á?

Ìyàwó rẹ̀ ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí òun ló kọ́ ìdajì wa ní A-B-D. Bó bá gbọ́ ti áńgẹ́lì, ẹ̀rín ló máa ń pa á.

"Ká ní áńgẹ́lì fọwọ́ kan ọkọ mi létí ni," ó ní, "áńgẹ́lì yẹn ni ìbá wà nílé ìwòsàn báyìí."

Òótọ́ náà ò dùn-ún gbọ́ tó irọ́ rẹ̀. Ojú Tíṣà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Tíṣà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìka Bíbélì, kí wọ́n kúkú fún òun ní májèlé mu. Wẹ́dà wò ó títí, ó ní, "Gbé e wá, màá kà á fún ẹ. Ṣùgbọ́n má retí pé màá ṣe àmín o."

Bó ṣe di pé ó ń kà á nírọ̀lẹ́ nìyẹn, bí ẹni ń ka ìwé tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́. Kò sí orí kan tó kà tí kò dá sí. Nígbà tó kan Jónà, ó ní àwọn atukọ̀ tó ju èèyàn sómi ló yẹ kí ẹja gbé mì. Nígbà tó kan àpótí Nóà, ó béèrè ta ló yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó gbé e lé omi. Tíṣà á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lójú, á máa rẹ́rìn-ín, á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹ̀rín náà.

Ìtàn ọlọ́gbà àjàrà ló dá a dúró. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀gá tó gba òṣìṣẹ́ láàárọ̀, tó tún gba àwọn kan lọ́sàn-án, tó wá lọ kó àwọn mìíràn nígbà tí iṣẹ́ ku wákàtí kan péré kó parí, tó sì san iye owó kan náà fún gbogbo wọn. Wẹ́dà pa ìwé dé.

"Ọ̀gá wo nìyí?" ó ní. "Kó wá ṣe irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ká wò ó bóyá ọmọṣẹ́ kan á jí wá lọ́jọ́ kejì!"

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá ọ̀gá náà jà. Ó bá a jà nídìí iṣẹ́, ó bá a jà nílé ìwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ gba èsì àyẹ̀wò ikọ́ tí kò jẹ́ kó sùn. Dókítà gbé àwòrán àyà rẹ̀ sí ojú iná, ó fi gègé tọ́ka síbì kan, ó sì tọ́ka síbì kejì. Èéfín irin ogójì ọdún ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ohun mìíràn sì ti hù sínú ohun tó kù, níbi tí ọ̀bẹ ò lè dé. Oṣù díẹ̀ ni dókítà sọ. Wẹ́dà ní kó má ṣèyọnu, òun náà máa ń sọ fún oníbàárà pé ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀.

"Tíṣà, mi ò bá ọ̀gá yẹn jà mọ́," ó ní. "Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù fún mi. Bó bá ṣì ń gba èèyàn, kó gbà mí."

Dókítà ojú ti kìlọ̀ fún Tíṣà pé kò gbọdọ̀ sunkún. Ọ̀rọ̀ dókítà ò wọlé lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé ìgbàgbọ́ sọ ọkùnrin náà di ẹni jẹ́jẹ́ o. Tòun ti ẹnu rẹ̀ bí abẹ ni Olúwa ṣe gbà á. Ó ní ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ò ní ààyè àtijókòó. Bó bá ń lọ gba oògùn, á ki òòlù àti sípánà sínú báàgì, á sì máa tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó yẹ̀ ṣe ní wọ́ọ̀dù, bó ti ń hú ikọ́. Ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ti há nìyẹn. "Èmi náà ń kú," á sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, "ṣùgbọ́n mo mọ ilé ẹni tí mò ń lọ. Ìwọ ńkọ́?" Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìgbà méjì ni ọ̀gá wọn pè é sí ọ́fíìsì pé kó lọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà kẹta tí ọ̀gá náà pè é, ó ní kó bá òun bẹ bàbá kó wá wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun.

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ló wá da ilé rú. Ìjọ Tíṣà kì í wọ́n omi síni lórí. Rírì ni wọ́n ń ri èèyàn, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nínú táǹkì onírin kan tó wà lábẹ́ pẹpẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Wẹ́dà mọ táǹkì náà dáadáa, òun ló jó o. Ọdún kọkàndínlógún nìyẹn, ìgbà tí kò tíì mọ orin kan ju orin òòlù lọ. Ó pọn omi kún un, ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fi ọwọ́ gbígbẹ pa gbogbo ojú ibi tó jó pọ̀ kó tó ní kí wọ́n gbé e lọ. Kì í jẹ́ kí iṣẹ́ jáde láìdán an wò. Ìrìbọmi tó ń bọ̀ bọ́ sí Sátidé. Èyí tó tẹ̀ lé e di oṣù mẹ́fà sí i, kò sì sẹ́ni tó ní láti ṣírò ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà gbọ́ ìró kan nílé ìwẹ̀, bí ẹran tó ń mumi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ wà lórí eékún, ó ti ki orí bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ìka na ilẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó kan mẹ́jọ, ó yọrí, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, omi ń ro lára irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń dán an wò." Ó húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. "Mo lọ bá Pásítọ̀ lánàá, mo ní kó fi bó ṣe ń rì wọ́n hàn mí. Mẹ́ta ló ń kà. Mẹ́jọ lèmi dé yìí. Àjẹṣẹ́kù márùn-ún."

Tíṣà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ó fà á dìde, ó fi aṣọ nù ún lórí bí ọmọdé. Inú rẹ̀ ń sọ pé, Olúwa, ẹni tí mo ní kí o bá mi mú wálé nìyí, ṣé ẹnu ọ̀nà lo ti fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ mi ni?

Láàárọ̀ Sátidé, Pásítọ̀ yà sílé wọn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọ náà, kò sì tíì sin òkú ju méjì lọ. Nọ́ọ̀sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wẹ́dà wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù funfun, ó jókòó gan-an bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Bàbá, omi yẹn tutù," Nọ́ọ̀sì ní. "Àyà yín ò lè gbà á."

"Ẹ gbé e kaná."

"Bàbá, omi àgbá mẹ́rìnlá ni," Pásítọ̀ ní.

"Ẹ jẹ́ kó tutù nígbà yẹn."

"Kì í ṣe ti òtútù nìkan!" Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. "Tí ikọ́ bá mú yín nísàlẹ̀ omi ńkọ́? Ẹ ó fà á símú ni, ó parí nìyẹn."

"Kí ló parí?"

"Bàbá!"

"Sọ ọ́ jáde. Láti ọdún mọ́kànlá tí o ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, o ò lè pe ikú lórúkọ? Ikú ni. Kò sí adẹ́rùbani kankan nínú orúkọ ẹ̀. Ó ti mọ ilé wa, ẹ má ṣe bí ẹni pé a fẹ́ júwe ọ̀nà fún un."

Pásítọ̀ wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. "Ẹ jẹ́ kí n bu omi ife kan sí yín lórí níbi tí ẹ jókòó sí yìí, Bàbá. Ọlọ́run á gbà á."

"Ife kan? Ṣé òdòdó ni mí ni?"

"Olè tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúwa ńkọ́? Ta ló rì í bọmi? Ó ṣáà wọlé," Pásítọ̀ ní.

"Wọ́n kàn án mọ́gi ni, ọmọ mi. Èmi, ta ló kàn mí mọ́ àga?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé inú ń bí òun. Pásítọ̀ wá yíjú sí Tíṣà.

"Màmá, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo wá. Tí ẹ bá ní kí n rì wọ́n, màá rì wọ́n. Tí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní dá a ṣe. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ayé máa sọ bí nǹkan bá yíwọ́."

Gbogbo ojú wá sára Tíṣà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Obìnrin tó ti gbààwẹ̀ títí tí ìgbáròkó rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ nítorí ọjọ́ yìí, òun náà ló ń wá ọ̀nà tí ọjọ́ yìí kò fi ní pé.

"Ṣé ẹ ò lè ní sùúrù díẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ?" ó ní. "Kí ara kọ́kọ́ fúyẹ́."

"Ìwọ kọ́ lo gbàdúrà yìí? Ọlọ́run gbọ́ tán, o wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù?"

"Mo gbàdúrà kí ẹ wọlé. Mi ò gbàdúrà kí ẹ gba inú ilé kọjá."

 Wẹ́dà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí iná ti ta kalẹ̀.

"Màá kọjá, Tíṣà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Bí mo wọ inú omi, bí mi ò wọ̀ ọ́, màá kọjá. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi sọ fún Olúwa pé ó dọ̀la. Mi ò tún ní fi ẹnu yìí sọ ọ́ fún un nítorí pé ikú dúró sójúde. Bó bá fẹ́ mú mi, kó wá bá mi nídìí ohun tí Ọ̀gá ní kí n ṣe. Kò ní bá mi lórí àga."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é," Pásítọ̀ ní, "ṣùgbọ́n nínú ìlànà ìjọ, ẹni tó bá ń ṣàìsàn..."

"Ìlànà wo?" Nọ́ọ̀sì já a gbà. "Ẹ ò bá ti fi ìlànà yẹn hàn wọ́n kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀! Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ wá fẹ́ dì í ru Màmá mi."

"Sísítà, ẹ fara balẹ̀, èmi ò di nǹkan kan ru ẹnikẹ́ni..."

"Ẹ dì í! Ẹ ní tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́..."

Àga kan dún. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi gbórí sókè, Wẹ́dà ti kọjá ilẹ̀kùn, ó ti sọ àtẹ̀gùn méjèèjì kalẹ̀, ó ti wà lójú títì nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá! Ẹ dá wọn dúró! Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín!" Nọ́ọ̀sì ní.

Tíṣà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó di férémù rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ ti dé iwájú ilé kẹta. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó húkọ́, èjìká rẹ̀ mì sókè mì sílẹ̀, ó nu ẹnu, ó tún ṣí ẹsẹ̀. Tíṣà la ẹnu láti pè é padà.

"Bàbá àwọn ọmọ!" ohùn rẹ̀ jáde lóhùn tó fi ń pe kíláàsì. "Ẹ rọra máa rìn! Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ láìsí yín! Pásítọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn yín!"

Wẹ́dà gbé ọwọ́ kan sókè láìbojúwẹ̀yìn. Kò rọra rìn.